Oko Kì Í Ṣe Ìjìyà

 

 Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ọdọọdún yìí ní kí àwa náà kọ nǹkan sí i, wọ́n rò pé a ó kọ nípa náhàwù tàbí nípa ogún pípín, nítorí iṣẹ́ tí a ń ṣe níbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko ló wà lọ́kàn wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹ̀bi wa wà nínú rẹ̀, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́.

Nígbà tí àwa wà ní kékeré ní ilé-kéú ní agbègbè Ìwó, a kì í ka wàláà ní ọjọ́ Alámísì. Oko àlùfáà wa ni a máa ń lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. A ó ro, a ó kọ ebè, a ó ṣẹ́ igi ìdáná bọ̀ wálé. Kò sí ẹni tó kà á sí ìyà nínú wa, nítorí oúnjẹ tí gbogbo wa ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Nígbà tí àwa fúnra wa di olùkọ́, nǹkan yí padà. Ọmọ tí kò bá lè ka ibi tí a kọ́ ọ, a ó sọ fún un pé, “Bí o kò bá fẹ́ kàwé, ọkọ́ ń dúró dè ọ́.” Ọmọ tó bá pẹ́ dé, a ó ní kó lọ ro ẹ̀yìn kíláàsì. Díẹ̀díẹ̀, ọkọ́ di ọmọ ìyá pàṣán. A kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ náà nígbà yẹn, wọ́n sì ń gbọ́ ọ yé ju náhàwù lọ.

Bàbá wa kú ní ọdún 2009. Lẹ́yìn tí a pín ogún bí Àlùkùráánì ti là á sílẹ̀, éékà méjì ló kan àwa. Nígbà ayé bàbá wa, ilẹ̀ náà pọ̀, ó sì máa ń pín in sí ọ̀nà púpọ̀. Bí ó bá gbin apá kan fún ọdún díẹ̀, yóò fi í sílẹ̀ kó di igbó padà, yóò sì lọ sí apá mìíràn. Òun náà a máa dáná sun igbó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni iná tó tún ń dé ojú kan náà. Àwa tí a ní éékà méjì péré, ibo ni a ó lọ? Ojú kan náà ni a ń gbìn lọ́dọọdún, àgbàdo lẹ́yìn àgbàdo. Ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, a ó kó pòròpórò jọ, a ó sì ti iná bọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2011, a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n kẹ́míkà tó ń pa koríko. Paraquat ni orúkọ rẹ̀. Ó rọrùn. Ohun tí a fi ọjọ́ mẹ́rin ro tẹ́lẹ̀, a ó fọ́n ọn tán kí a tó kírun Ásárì. Inú wa dùn, a sì ń pe àwọn tó ń fi ọkọ́ ro oko ní ará àtijọ́. Kẹ́míkà yìí, bí ènìyàn bá gbé e mì, kò sí oògùn tí a mọ̀ tó lè pa oró rẹ̀. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é ní ilẹ̀ wa láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Àwa fọ́n ọn láì bo imú, láì wọ ìbọ̀wọ́, a sì ń fọ ẹ̀rọ ìfọ́nkẹ́míkà náà létí odò. Ọlọ́hun ló yọ wá.

Kí ló ṣe ilẹ̀ náà? Koríko kú, ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò. Oòrùn ń sá a, òjò ń ṣàn án lọ, iná sì ti jó ewé tí ì bá jẹrà sínú rẹ̀ láti di ọ̀rá ilẹ̀. Imí ekòló tí a máa ń rí káàkiri oko nígbà ayé bàbá wa pòórá. Bàbá wa a máa kó àpò àgbàdo méjìlá lórí éékà méjì. Ní ọdún 2017, mẹ́rin péré ni àwa kó.

Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa sàká mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òṣùwọ̀n tí ohun oko gbọ́dọ̀ dé kí sàká tó di dandan lórí rẹ̀ ni wasq márùn-ún. Nínú ìṣirò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò lónìí, ó jẹ́ nǹkan bíi 653 kìlógírámù. Bí àpò àgbàdo kan bá wọn 100 kìlógírámù, àpò mẹ́fà àbọ̀ ó lé díẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi ń yọ sàká lọ́dọọdún ti di ilẹ̀ tí kò pé òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wa. Àwa tí a ń kọ́ àwọn ènìyàn ní orí ọ̀rọ̀ sàká nínú ìwé, a kò rí èyí tí a ó yọ nínú oko tiwa.

Ní ọdún 2018, ẹnì kan wá tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí ó gé e sí pulọ́ọ̀tì. Owó tí ó dá lé e pọ̀ ju ohun tí oko náà lè mú wá ní ọdún mẹ́wàá lọ. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. A lọ sọ fún ìyá wa. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, “Àlùfáà, ilẹ̀ tí o kò jẹ́ kó sùn láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, o wá ń bínú pé kò lè dìde?” A kò lè fèsì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé, àwa sì ni àgbà ọ̀hún.

A kò ta ilẹ̀ náà. Ohun tí a ṣe nìyí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbìyànjú rẹ̀:

Èkínní, a jáwọ́ nínú iná. Pòròpórò àti koríko tí a bá ṣá, a ó tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ bí ẹni, kí oòrùn má baà rí ilẹ̀ jẹ, kí ọ̀rinrin lè dúró.

Èkejì, a kò gbin àgbàdo lórí àgbàdo mọ́. Àgbàdo ni a ń gbìn ní òjò àkọ́rọ̀, ẹ̀wà ni a ń gbìn ní òjò àrọ̀kúrò. Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu, ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò lè rí ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń gba oúnjẹ ohun ọ̀gbìn láti inú afẹ́fẹ́. Bí a bá fi gbòǹgbò àti ewé ẹ̀wà sílẹ̀ kí ó jẹrà, ilẹ̀ yóò rí nínú oúnjẹ náà gbà.

Ẹ̀kẹta, a ń kó imí adìẹ jọ, a ń fi ewé bò ó fún oṣù mẹ́ta kí a tó kó o sóko, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó ohun ọ̀gbìn.

Ẹ̀kẹrin, a ń kọ ebè ní ìdábùú ibi tí ilẹ̀ dà sí, kí òjò má baà rí ọ̀nà sáré gbé ilẹ̀ lọ.

A kò ní parọ́ fún yín. Ní ọdún 2019, koríko ṣẹ́gun wa, àpò mẹ́ta ni a kó. Àwọn ènìyàn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ti pọ̀ lórí wa jù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, òjò dá lágbègbè wa nígbà tí àgbàdo fẹ́ yọ ọmọ. Ti àwọn aládùúgbò wa rọ kíákíá, tiwa dúró títí òjò fi padà. Ìgbà náà ni yẹ̀yẹ́ dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dùn wá. Ní ọdún 2020, àkọ́bí wa lọ gun ọkadà ní Ìbàdàn. A pè é pé kó padà wálé kí a jọ máa ṣe oko. Ohun tó fi dá wa lóhùn nìyí: “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tí kò mọ̀wé ni oko wà fún. Kí ni mo wá ṣe tí ẹ fi fẹ́ jẹ mí níyà?” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ló kà padà fún wa, kò sì ṣi harafí kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti oko kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó jáde bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí ìlú ńlá láti wá iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ìjọba dá àwọn fáàmù sẹ́túlúmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún irú wọn, bí èyí tó wà ní Ìlọrà. Wọ́n kọ́ ilé fún wọn, wọ́n yá wọn lówó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, ilé àti owó kò lè dá ọmọ dúró sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti kà sí ibi ẹ̀tẹ́.

Ní ọdún 2022, ọmọ wa wálé nígbà ìkórè. Òun ló gbé àgbàdo sórí òṣùwọ̀n, ó pé àpò méje, 700 kìlógírámù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣírò rẹ̀: òjò ló bomi rin ín, kì í ṣe ẹ̀rọ, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá ni sàká rẹ̀, kì í ṣe ìdajì ìyẹn. Ó wọn 70 kìlógírámù sọ́tọ̀, ó sì gbé e sórí ọkadà rẹ̀ lọ fún àwọn tó tọ́ sí. Nígbà tó dé, ó jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Bàbá, àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ oko yẹn, ta ló ń dá a?” A ní kò sí ẹni tó ń dá a. Láti ìgbà náà, ó máa ń wá gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Kò tíì fi Ìbàdàn sílẹ̀, a kò sì fi dandan lé e.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a ní. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a má fi oko jẹ ọmọ níyà mọ́. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ẹ jẹ́ kí ó di ibi ẹ̀kọ́, kí ọmọ kankan má sì fọwọ́ kan kẹ́míkà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí a bá kó àwọn ọmọ lọ wo ekòló àti gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ má rò pé a ń lò wọ́n bí ẹrú. Ẹ̀yin jàmáà tí ẹ ní ilẹ̀, ẹ má tà á tán. Bí ẹ bá sì fẹ́ yá ọ̀dọ́ ní ilẹ̀, ẹ yá a fún ọdún márùn-ún, kì í ṣe ọdún kan, nítorí kò sí ẹni tó ń tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ànábì wa fi yé wa pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàráà ni fún un. Iṣẹ́ tí láádá rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, ta ló sọ fún wa pé ìjìyà ni?

Kí Ọlọ́hun forí jì wá, kí Ó jí ilẹ̀ wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.