Ẹ̀yìn Ẹṣin Láìsí Gàárì

Láti kékeré ni mo ti ń pa á pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Mo pa á níbi ìkómọ, mo pa á níbi ìgbéyàwó, mo pa á níbi tí a ti ń parí ìjà, n kò sì tíì fọwọ́ kan ẹṣin rí. Ọ̀pọ̀ wa la jọ rí bẹ́ẹ̀: ẹṣin kún ẹnu wa, ọwọ́ wa kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí lọ́jọ́ tí mo rò ó kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ bàbá kan lọ ní Ìkìrun, tí wọ́n ń tọ́jú ẹṣin fún àwọn tó ń gùn ún lọ́jọ́ Iléyá àti ọjọ́ ìwúyè.

Mo rò pé orí gàárì la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tú gàárì kúrò, wọ́n gbé e sídìí igi, ó wá ku ìjánu nìkan.

“Kọ́kọ́ mọ ẹni tó o fẹ́ gùn,” ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì ni wọ́n ní kí n dúró sí. Ẹ̀yìn ẹṣin náà bá mi ní àgbọ̀n. Kí n fi ọwọ́ òsì di gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú, kì í ṣe ṣóńṣó irun o, ìdí rẹ̀ gan-an, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Kí n na apá ọ̀tún kọjá sí ìhà kejì, kí n wá fò. Lẹ́ẹ̀kíní, àyà mi nìkan ló kàn án, mo yọ̀ wálẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹṣin sún ẹsẹ̀ kan síwájú, mo bá ara mi nínú iyẹ̀pẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní apá ni mo fi ń fa ara mi, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń gbéni sókè. Kí n fò títí ikùn mi yóò fi sùn lé e lẹ́yìn bí àpò àgbàdo, kí n sinmi níbẹ̀, kí ó mọ bí mo ṣe wúwo tó, kí n tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá láìjẹ́ kí gìgísẹ̀ kan ìdí rẹ̀.

Ibi ìsinmi yẹn ni ẹ̀kọ́ náà wà. Orí mi wà níhà kan, ẹsẹ̀ mi wà níhà kejì, mo ń gbóòórùn òógùn rẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé e. Awọ rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ìgbọ̀nrìrì náà sì gba abẹ́ ikùn mi kọjá. Ó yí etí kan sẹ́yìn, ó dúró. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá.

Eṣinṣin kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹṣin nílẹ̀ wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní tsetse ni kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Ọ̀dàn ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ibẹ̀ náà sì ni ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti lágbára jù. Síbẹ̀, ẹṣin dé ìhín. Lóṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin bá ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá gbógun ti Ìkìrun. Balógun Ìbàdàn, Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, kó ogun dé, ó sì tú wọn ká. Odò Ọ̀tìn, tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ ní Òkukù àti Ìnísà, ni ọ̀pọ̀ wọn sá kó sí, ni wọ́n bá ń pe ogun náà ní Jálumi. Orúkọ balógun ni àwọn òpìtàn máa ń kà. Ní tèmi, látọjọ́ tí mo ti sùn lé ẹ̀yìn ẹṣin, ẹṣin wọn ni mo ń rò: gàárì tó ti mu omi lẹ́yìn, ìjánu lẹ́nu, jagunjagun lórí rẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ wọ odò?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá ní kí n gùn ún lọ mumi. Kò sí gàárì, itan mi méjèèjì nìkan ni mo fi mọ́ ọn. Létí omi, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ iwájú kan kan ẹrẹ̀ wò. N kò fa ìjánu. Nígbà tó tẹ orí ba, ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo bá rọra di gọ̀gọ̀ mú. Ó mumi pẹ́. Mo ń gbọ́ ọ bí omi ṣe ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ, gbẹ̀, gbẹ̀, gbẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ mi.