Ojú Inú Ní Àwọn Oko Ìbàdàn

Yálà a gba ọ̀nà Móníyà jáde kúrò ní Ìbàdàn wọ ilẹ̀ Akínyẹlé, tàbí ọ̀nà Ìwó dé Lálúpọn ní Lágelú, tàbí ọ̀nà Ifẹ̀ dé Ẹgbẹ́dá, tàbí a yà sí ìhà Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà, a ó bá àwọn ìjọ kéékèèké láàárín igi kòkó àti ebè ẹ̀gẹ́. Àwọn ará oko wọ̀nyí ti kọ́ wa ní ohun kan nípa ojú inú, èyí tí a kò rí kọ́ ní ìgboro.

A ka òwe Afúnrúgbìn fún wọn ní ìhà Akánrán. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá wa lóhùn: irú àgbẹ̀ wo ni í da irúgbìn sójú ọ̀nà àti sórí àpáta? Nítorí níhìn-ín a kì í fọ́n àgbàdo. Ihò ni a ń fi ọkọ́ gbẹ́, a ó sọ hóró méjì tàbí mẹ́ta sí i, a ó sì fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n di ojú, kí wọ́n wo ọkùnrin kan ní ilẹ̀ àwọn Júù, tí ń fọ́n irúgbìn káàkiri bí ẹni tí ń bọ́ adìẹ. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, baba arúgbó kan wí pé àká ọkùnrin náà yóò kún púpọ̀, kí ó tó lè ná irúgbìn ní ìnákúnàá bẹ́ẹ̀. Ìwàásù tí a mú wá láti ilé kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ baba yìí dé.

Àwọn kan nínú ìjọ a máa bẹ̀rù ojú inú. Wọn a ní àròsọ kò yàtọ̀ sí irọ́, wọn a sì tọ́ka sí orí kẹfà ìwé Gẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti rí i pé ìrò ọkàn ènìyàn burú. Òtítọ́ ni pé ọkàn lè gbẹ́ ère láìsí igi àti àáké. Nítorí náà kò yẹ kí a tú u kúrò lẹ́bàá Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú inú rẹ̀ bá fọ́, bí ìròyìn ìlú tí kò ti ní ará ni yóò máa gbọ́ Ìhìnrere.

David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán, mọ èyí. Ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 òun àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Òun ni ó túmọ̀ àlá John Bunyan, ìwé tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1678, sí Yorùbá, tí a ń pè ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ẹ̀yìn ni Bunyan di ẹrù èrò náà sí. Orí ni tiwa ń gbé ẹrù. Ọmọ ni ó ni ẹ̀yìn. Ẹrù orí, ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé lè bá wa sọ̀ ọ́. Ti ẹ̀yìn ńkọ́, tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì tó ìdè rẹ̀? Àwọn obìnrin tí ń ru kòkó bọ̀ láti oko kò jẹ́ kí a ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a sọ pé níbi àgbélébùú ni ìdè náà tú fúnra rẹ̀, ọmọdé kan béèrè ibi tí ẹrù yí lọ. A ní inú ibojì ni, a kò sì rí i mọ́.