Johannesburg: Ìlú Wúrà Níbi Tí Ọ̀rọ̀ Géèmù Ti Kọjá Eré Lásán

Johannesburg kò sí létí òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí létí odò ńlá kankan. Wúrà ni ó bí i. Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Langlaagte, kò sì pẹ́ rárá tí àgọ́ àwọn awakùsà fi di ìlú. Àwọn Zulu ń pe ibẹ̀ ní eGoli, ìyẹn ibi tí wúrà wà. Títí di òní, òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n hú jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà bí òkè, wọ́n pupa rúsúrúsú nínú oòrùn. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan mẹ́ta ni yóò ti gbọ́ nípa ìlú náà kí ó tó kúrò nílé: owó, olè, àti ìkórìíra àjèjì. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni pé ọ̀rọ̀ géèmù orí tẹlifíṣàn ti rinlẹ̀ gidigidi níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà bá sì jókòó, tí wọ́n ń jiyàn lórí géèmù tí ó dára jù àti èyí tí ó burú jù, àríyànjiyàn náà kì í pẹ́ tí ó fi ń kọjá ọ̀rọ̀ eré.

Ìdí ọ̀rọ̀ yìí jìn. Géèmù kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí tẹlifíṣàn, tẹlifíṣàn gan-an sì pẹ́ kí ó tó dé ìlú wúrà. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, kò sí ohun tí ó jọ ọ́ ní Johannesburg. Kì í ṣe pé owó ni kò sí. Ìjọba aláwọ̀ funfun tí ó ń fi àwọ̀ ara ya ènìyàn sọ́tọ̀ ni ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa rí nínú rẹ̀ lè yí wọn lọ́kàn padà. Ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 1976 ni iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri South Africa, ọdún mẹ́rìndínlógún àti oṣù méjì lẹ́yìn ti Ìbàdàn. Ìkà ni àwọn aláṣẹ ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n mọ̀, tí ọ̀pọ̀ òbí òde òní kò kà sí: ohun tí ń hàn lójú gíláàsì yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1990 sí 1999, ẹ̀rọ géèmù ti wọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Èyí tí mẹ̀kúnnù lè rà ni Golden China, àfarawé ẹ̀rọ Nintendo ti ilẹ̀ Japan. Àwọn tí wọ́n dàgbà ní Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin nígbà náà mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dáadáa, bí orúkọ tí wọ́n kọ sára tiwọn tilẹ̀ yàtọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa pariwo pé géèmù 999 ni ó wà nínú òun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni, orúkọ ni wọ́n kàn ń yí padà. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún báyìí, Contra àti Super Mario ni orúkọ tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ géèmù tí ó dára jù. Ìdí wọn kò le. Ènìyàn méjì lè jọ ta Contra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ nílé lè jókòó ti ọmọ tí ó ní, kí àwọn méjèèjì sì jọ jagun títí ìyá onílé yóò fi lé wọn jáde. Ní ti èyí tí ó burú jù, àwọn géèmù tí kásẹ́ẹ̀tì ń purọ́ pé ó wà, tí kò sí, ni wọ́n ń kà sí i.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní inú ilé, ó di ti gbọ̀ngàn. Ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ géèmù kan tí wọ́n ń pè ní rAge. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ilé rìbìtì ńlá tí wọ́n ń pè ní Dome, ní Northgate, ni ó ti ń wáyé. Àwọn ọ̀dọ́ a gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ́wọ́, wọn a sì fi alẹ́ mọ́jú níbẹ̀. Ilé náà kò sí fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2021 ni wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ tí ń ṣòwò ọkọ̀ àlòkù, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń pariwo ayọ̀ sì di ibi tí wọ́n ń na mọ́tò àlòkù. Ṣùgbọ́n èrò kò túká. Ìpàtẹ Comic Con Africa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, lọ sí Nasrec ní ọdún 2023, lọ́nà Soweto, kò sì jìnnà sí pápá ìṣeré Soccer City.

Soccer City ni ó yẹ kí àlejò dúró wò dáadáa. Àwòrán igbá ni wọ́n fi kọ́ ọ, igbá ìbílẹ̀ Áfíríkà tí a fi ń mu omi, tí a sì fi ń bu ẹmu. Inú igbá yìí ni wọ́n ti gbá ìparí ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2010, nígbà tí Spain fi àmì-ayò kan sí òdo borí Netherlands. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ EA Sports ti gbé géèmù rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún yẹn. Orílẹ̀-èdè 199 ni ó wà nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó mú pádì lọ́wọ́ lè yàn láàyò.

Ní ojúlówó pápá, ọjọ́ 2, oṣù keje ni ọkàn gbogbo Áfíríkà bàjẹ́ nínú igbá yẹn. Ó ku ìṣẹ́jú bíńtín kí Ghana di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, ni Luis Suarez ti Uruguay bá fi ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù tí ó ń wọ ilé lọ. Wọ́n lé e jáde, wọ́n fún Ghana ní pẹ́nárítì, Asamoah Gyan gbá a, ó ba òpó òkè, ó fò lọ. Uruguay ni ó wọlé níkẹyìn. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, ọmọ Soweto, ọmọ Accra àti ọmọ Òṣogbo lè tún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà gbá lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí Ghana sì borí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Wọ́n sì lè tún ti Ellis Park ṣe pẹ̀lú, pápá mìíràn ní Johannesburg yìí kan náà, níbi tí Argentina ti na Nàìjíríà ní òdo sí ẹyọ kan ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, láìka gbogbo bọ́ọ̀lù tí Vincent Enyeama lé dànù sí. Nítorí èyí ni géèmù ọdún 2010 yẹn fi yẹ kí ó wà lókè pátápátá nínú èyíkéyìí tí a bá kà sí dáadáa. Ó fi ilẹ̀ Áfíríkà hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí aráyé ti wá ṣeré, ó sì fi àtúnṣe sí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Géèmù bọ́ọ̀lù náà kò ṣàìní àbùkù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé òmíràn jáde, tí àwọn tí ń rà á sì ń ráhùn pé ti èṣí ni wọ́n kàn yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, kí wọ́n lè tún gba owó. Nígbà tí ó di ọdún 2023, orúkọ FIFA pàápàá kúrò lára rẹ̀, ó di EA Sports FC. Síbẹ̀, ọmọ Johannesburg ní ohun kan tí ọmọ Ìbàdàn kò ní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Kaizer Chiefs àti Orlando Pirates wà nínú géèmù yẹn, ọmọ Soweto sì lè fi ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀ na Barcelona. Shooting Stars kò sí níbẹ̀ fún ọmọ Ìbàdàn.

Bí a bá wá yí ọ̀rọ̀ sí èyí tí ó burú jù, Resident Evil 5 ni orúkọ tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde. Capcom ti ilẹ̀ Japan ni ó ṣe é ní ọdún 2009. Ìlú kan tí wọ́n fi orí rò, Kijuju, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, àwọn ará ìlú tí àrùn ti sọ di ẹranko sì ń ya bò ó. Iṣẹ́ ẹni tí ń ta géèmù náà ni kí ó máa yìnbọn pa wọ́n. Nígbà tí ó tún yá, wọ́n mú àwọn kan jáde tí wọ́n ró koríko mọ́dìí, tí wọ́n mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Èdè Swahili ni wọ́n sì fi sí ẹnu àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ̀nyí! Ẹni tí kò lè bèèrè èdè tí aládùúgbò ń sọ kí ó tó ya àwòrán rẹ̀, kò ka aládùúgbò náà sí ènìyàn.

Àwọn olùgbèjà géèmù náà ní àwíjàre. Wọ́n ní èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, abúlé ní Spain ni, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sì ń pa níbẹ̀. Wọ́n ní obìnrin Áfíríkà kan, Sheva Alomar, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọni náà. Òótọ́ ni, eré náà sì dùn ún ta. Àìmọye mílíọ̀nù ni wọ́n rà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n Spain ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán mìíràn lójú ayé tí ń sọ ẹni tí ó jẹ́. Áfíríkà inú géèmù nígbà náà kò ní ju ìwọ̀nba lọ, èyí sì wà lára wọn.

Ìtàn kan tún wà tí ó kan Nàìjíríà ní tààrà, orí géèmù ni òun náà sì ti ṣẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi géèmù Halo ṣe fíìmù, Neill Blomkamp, ọmọ bíbí Johannesburg, ni wọ́n sì fẹ́ kí ó darí rẹ̀. Ètò náà fọ́ ní ọdún 2006. Dípò rẹ̀, Blomkamp ṣe District 9, tí ó jáde ní ọdún 2009, tí wọ́n sì ya ní Chiawelo, ní Soweto. Nínú fíìmù yìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀daràn, oníṣẹ́ aṣẹ́wó àti ẹni tí ń jẹ ẹran ara ẹ̀dá òfuurufú kí ó lè ní agbára. Orúkọ ọ̀gá wọn, Obesandjo, kò sì fara sin fún ẹnikẹ́ni tí ó mọ Ọbásanjọ́. Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, pàṣẹ pé kí àwọn ilé sinimá Nàìjíríà má ṣe fi í hàn mọ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé fíìmù tàbí géèmù ni ó fa ìkọlù sí àjèjì ní South Africa. Ti ọdún 2008 ti ṣẹlẹ̀ kí fíìmù náà tó jáde. Àìríṣẹ́ṣe àti ìyà wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tí Air Peace sì ń gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán ọ̀daràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wa lára ni àwọn ajínilẹ́rù ń fi ṣe àwáwí. Igbá tí onígbá bá pè ní àkárágbá ni wọ́n fi ń kólẹ̀; èyí tí onígbá kò bá sì pe orúkọ rẹ̀ rárá, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Ìyẹn ni ó mú kí Braamfontein ṣe pàtàkì. Àdúgbò yìí ni yunifásítì Wits wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń ṣe géèmù. Àwọn méjì tí wọ́n pàdé ní Wits, Ben Myres àti Cukia Kimani, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nyamakop sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, géèmù wọn, Semblance, jáde lórí ẹ̀rọ Nintendo Switch. Nínú àwọn géèmù tí ilé-iṣẹ́ Áfíríkà fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dá sílẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ dé orí ẹ̀rọ Nintendo. Nínú rẹ̀, ilẹ̀ rọ̀ bí amọ̀. Bí ògiri bá ga jù, ẹni tí ń ta á yóò fi ara ti ilẹ̀ náà, yóò tún un mọ, títí yóò fi rí ọ̀nà gbà. Ó kúrú, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta lè parí rẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀, èyí sì ni àbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò farawé ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan náà kéde òmíràn, Relooted. Ọjọ́ iwájú ni ìtàn rẹ̀ wà, Johannesburg sì ni ibùba àwọn akọni inú rẹ̀, tí wọ́n wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Iṣẹ́ wọn ni láti wọ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, kí wọ́n sì kó ohun tí àwọn amúnisìn jí lọ padà wálé. Àwọn ohun tí wọ́n ń gbà padà kì í ṣe ti inú àlá: ìlù Ngadji ti àwọn Pokomo ní Kenya wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbòjú wúrà Asante. Kò sí ìpànìyàn nínú rẹ̀. Ọgbọ́n, eré sísá àti ìfòsókè ni. Àwọn Yorùbá tí wọ́n rántí FESTAC ọdún 1977, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti yá wa ní ère Idia tí wọ́n kó ní Benin, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé adùn irú eré bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Òṣùwọ̀n tí Johannesburg fi lé àlejò lọ́wọ́ nìyí. Àwòrán tí ó dán kò tó, ohùn tí ó rinlẹ̀ kò tó. Kí òbí tí ó fẹ́ ra géèmù fún ọmọ rẹ̀ nígbà ọdún, ìbáà jẹ́ ní Hillbrow, Peckham tàbí Agége, jókòó ti ọmọ náà fún ìdajì wákàtí, kí ó sì wo ohun méjì: ta ni ó mú ìbọn, ta sì ni wọ́n ń yin ìbọn náà sí? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó jọ ọmọ náà kì í hàn níbẹ̀ àfi bí ó bá fẹ́ kú, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó tà á.