Bí Ó Bá Ṣe Pé Ẹlòmíràn Ni Wọ́n Fà Kalẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nípa ohun tí ó ti kọjá, kò sí èyí tí ó yá lẹ́nu tó "bí ó bá ṣe pé". Àwọn àgbà a máa fi í tu ara wọn nínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fi í dán olùkọ́ wò. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní Ọ̀fà kì í bá wọn wí nítorí rẹ̀, nítorí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bí a bá tọ̀ ọ́ dé òpin, a máa fi ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an hàn wá.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni ti ọdún 1993. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ẹgbẹ́ SDP pé jọ ní ìlú Jos láti yan ẹni tí yóò du ipò Ààrẹ fún wọn. Àwọn mẹ́ta ni ó léwájú: Moshood Abíọ́lá, Babagana Kingibe àti Atiku Abubakar. Ìbò àkọ́kọ́ kò yanjú ọ̀rọ̀. Atiku yẹ̀bá fún Abíọ́lá, Abíọ́lá sì fi díẹ̀ borí Kingibe, ẹni tí ó sọ di igbákejì rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, gbogbo ìlú dìbò. Ní ọjọ́ 23, ìjọba ológun ti Babangida wọ́gi lé e. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí àwọn àgbà ilé wa ti dákẹ́.

Bí ó bá wá ṣe pé Kingibe ni wọ́n fà kalẹ̀ ńkọ́? Mo gbà pé ẹkún ilẹ̀ Yorùbá kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bóyá ní ọdún 1999 pẹ̀lú, Ọbásanjọ́ àti Fáláè, Yorùbá méjèèjì, kì bá tí jọ du ipò náà. Ṣùgbọ́n ṣé ìdájọ́ àwọn olùdìbò ì bá dúró? Èyí ni mo ń ṣiyè méjì sí, ẹ̀rí mi sì wà ní ọdún 1992.

Ní ọdún yẹn, kí Abíọ́lá tó wọ agbo, Shehu Yar'Adua ni ó ń léwájú nínú SDP, Adamu Ciroma sì ń léwájú nínú ẹgbẹ́ NRC. Ìjọba kan náà fagi lé ìdìbò abẹ́nú wọn, ó sì ka olùdíje 23 léèwọ̀. Ẹ kíyè sí i: orúkọ yàtọ̀, ọwọ́ tí ó pa á rẹ́ kò yàtọ̀. Yar'Adua kú sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù kejìlá ọdún 1997. Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998.

A mọ ìjàkadì ní Ọ̀fà. Bí ẹni tí ó ni pápá bá lè kéde, nígbà tí ẹ̀yìn ẹnìkan ti kanlẹ̀, pé ìjàkadì kò wáyé, kí ni èrè pípààrọ̀ ẹni tí yóò wọ agbo?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ti Yorùbá nìkan ni àdánù náà. Abíọ́lá borí ní Kwara tiwa níhìn-ín. Ó borí ní Kano pẹ̀lú, tí í ṣe ilé Bashir Tofa alátakò rẹ̀. Ohun tí olùdìbò Ọ̀fà pàdánù ni olùdìbò Kano pàdánù. Ní ọdún 2018, ìjọba sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa. Ní ọdún 2025, Babangida fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé Abíọ́lá ni ó borí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ náà ti sùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọmọ wa láti bèèrè, kì í ṣe ẹni tí wọn ì bá yàn nìkan, bí kò ṣe ẹni tí ó ní agbára láti sọ pé a kò yan ẹnikẹ́ni.