Ihò Ara Súwẹ́tà

Ọyẹ́ ti dé sí Ilé-Ifẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, àwọn tó ń gun ọ̀kadà láti Modákẹ́kẹ́ wá sí Lágere ti wọ súwẹ́tà. Ìgbúnwọ́ wọn ni mo máa ń wò. Ibẹ̀ ni ihò ti ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni etí ọwọ́.

*

Àlòkù ni ọ̀pọ̀ súwẹ́tà tó wà lọ́rùn wa. Aṣọ àlòkù wà nínú àwọn ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ní wọn kò gbọdọ̀ kó wọ̀lú, síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu wọlé títí dé orí àtẹ. Nínú òkìtì yẹn, èyí tí wọ́n fi ojúlówó irun àgùtàn hun kò pọ̀. Láti mọ̀ ọ́n, fa fọ́nrán kan yọ ní abẹ́ súwẹ́tà, kí o ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ irun àgùtàn, òórùn irun tó jóná ni yóò máa rùn, eérú rẹ̀ yóò sì kúnná bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe á yọ́, á sì gan pa.

*

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá gbé ojúlówó súwẹ́tà fún òbíọmà. Òbíọmà mọṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, ó ń fi àlùmágàjí lu ẹ̀rọ náà kí a lè mọ̀ pé òun ń kọjá, ṣòkòtò àti yẹ̀rì kò sì ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n súwẹ́tà yàtọ̀. Ojú òwú kan ló kọ́ ojú òwú kejì, ìdí nìyẹn tó fi ń fà. Ìrán ẹ̀rọ kì í fà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ á na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, òwú ẹ̀rọ á já, tàbí kó fa àwọn ojú tó yí i ká ya, ihò á wá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni kí a fi tún un ṣe.

*

Àbúrò ìyá mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń tún tiwa ṣe. Ahá ló máa ń ki bọ abẹ́ ihò, á dojú rẹ̀ dé kí ìdí rẹ̀ tó rí roboto lè gbé aṣọ náà dúró. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ̀ lójú, ẹnu rẹ̀ kò mú, kó má baà la òwú sí méjì. Kì í bẹ̀rẹ̀ létí ihò rárá. Ibi tí aṣọ ti gbó kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó ṣì le ni, ìwọ̀n ìka kan sí ihò. Á kọ́kọ́ fa òwú lóròó, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí yóò fi ré ihò kọjá. Níbi tó bá ti yí padà, á fi òwú sílẹ̀ díẹ̀ kó rọ̀, torí pé irun àgùtàn máa ń sún kì bí omi bá kàn án. Lẹ́yìn náà ló máa dá òwú ní ìbú: á gba orí ọ̀kan, á gba abẹ́ èkejì, bó bá sì ń padà bọ̀, èyí tó gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà. Á fi ẹnu abẹ́rẹ́ ti ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Ẹni tó bá ti jókòó ti òfì rí ní Ìṣẹ́yìn á mọ iṣẹ́ yẹn lójú ẹsẹ̀.

Mo ní, “Mọ́mì, ẹ ò so ó ní kókó?”

Ó ní, “Kókó á máa ha ara mọ́ aṣọ, á tún lu ihò mìíràn. Ki ìdí òwú bọ ẹ̀yìn aṣọ, ọmọ mi.”

*

Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló bọ́, tó ń tú lọ sísàlẹ̀, ìkọ́ kíróṣé ti tó.

*

Òwú ni ìṣòro. Wúlù pọ̀ lọ́jà Ifẹ̀, dúdú, pupa, aláwọ̀ aró, ṣùgbọ́n irun ni wọ́n ń fi í dì, ọ̀rá sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó dára lórí. Lára súwẹ́tà irun àgùtàn, aṣọ á sún kì nínú omi gbígbóná, àbùlẹ̀ kò ní sún, á wá wú síta. Nítorí náà, súwẹ́tà irun àgùtàn mìíràn tó ti bàjẹ́ pátápátá ni wọ́n ń tú. Wọ́n á fọ òwú rẹ̀, wọ́n á so nǹkan fífúyẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á fi í kọ́ kó lè nà.

*

Àgùtàn ilẹ̀ wa kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Irun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní Másínà, ní ilẹ̀ Mali, àgùtàn àwọn Fúlàní ní i. Àwọn ahunṣọ wọn ń fi í hun kaasa, kúbùsù funfun tó nípọn, tí àwọn darandaran ń fi bora nítorí òtútù òru àti ẹ̀fọn.

*

Kádígan ilé-ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ mú irun àgùtàn dé ara Yorùbá. Aṣọ òdòdó pupa, tí wọ́n fi irun àgùtàn hun ní ìlú òyìnbó, wà lára orùfanran, ẹ̀wù àwọn olóyè ogun Ọ̀wọ̀. Ó wà lára ẹ̀kú egúngún mìíràn pẹ̀lú, níbi tí ìdílé ti ń fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tí wọn kì í sì í bọ́ ti àtijọ́ kúrò.

*

Bàbá kan wà tó bá Yunifásítì Ifẹ̀ kó wá láti Ìbàdàn ní 1967. Ó ṣì ń wọ súwẹ́tà tó ti rà ṣáájú ìgbà náà. Ìgbúnwọ́ méjèèjì ti di àwọ̀ mìíràn, àbùlẹ̀ sì ti wà lórí àbùlẹ̀. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo rántí òwe yẹn nígbà tí mo rí súwẹ́tà náà. Bí ọmọ ilé-ìwé bá wọ irú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí sì ń bí mi nínú. Ó yẹ kí tíṣà máa fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ han kíláàsì, kó ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́.

*

Kòkòrò tó ń jẹ irun àgùtàn, ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tó ń fò. Ibi tí òógùn tàbí ọbẹ̀ bá ta sí ló fẹ́ràn jù. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, fọ súwẹ́tà nínú omi tútù, sá a, kí o tó kó o sínú àpótí. Káńfọ̀ nìkan kò tó bí aṣọ bá dọ̀tí.

*

Òwú tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn àtúnṣe, àbúrò ìyá mi kì í tọ́jú rẹ̀ sínú ike. Ó máa ń gán an mọ́ abẹ́ aṣọ náà gan-an, kí wọ́n lè jọ máa wọ omi, kí wọ́n sì jọ máa ṣá. Bí ihò mìíràn bá yọ, àwọ̀ òwú náà á ṣì bá ti aṣọ mu.