Ìdajì Owó Ni Mo San

Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ẹni tó san ìdajì owó aṣọ kò tíì ra aṣọ. Ẹ bẹ̀ mí títí, aṣọ náà kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àfi tówó bá pé. Ohun tí mo fi ń fọ́nnu láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmú mi, ìdajì owó ni mo san, mo sì gbé e relé bí ẹni tó rí ọ̀fẹ́ he.

Gidan Igwai ni mo ń gbé, ní ìlú Sókótó. "Ìyá Aláṣọ" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí níbẹ̀, àti Yorùbá àti Hausa. Kókó kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmú mi, wọ́n sì mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èsì dé: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí kò wọ́pọ̀. Adenoid cystic carcinoma ni wọ́n ń pè é. Ibi tí itọ́ ti ń sun lẹ́nu ni wọ́n ti sábà máa ń rí irú rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, àwọn tó ní irú tèmi kì í pé ẹyọ kan. Dókítà ní kì í sábà sáré, kì í sì í sábà wọ àwọn kókó kéékèèké abẹ́ abíyá. Ó tún ní ó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Mo gbọ́ "kì í sáré". N ò gbọ́ "ó lè padà".

Ọ̀nà méjì ni dókítà là sílẹ̀ fún mi. Èkíní, kí wọ́n gé gbogbo ọmú. Èkejì, kí wọ́n yọ kókó náà àti díẹ̀ nínú ẹran tó yí i ká, kí wọ́n wá fi ìtànṣán tọ́jú ìyókù ọmú, nítorí èérún jẹjẹrẹ tí ojú kò lè rí lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Radiotherapy ni wọ́n ń pe ìtọ́jú onítànṣán yìí. "Màmá," ó ní, "iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán, ọ̀kan náà ni wọ́n o. Ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ọmú mi sí. Ẹnu èmi fúnra mi ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Ojú ọgbẹ́ jinná kíákíá. Àpá tó kù kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, mo sì ń ṣí i han àwọn ọ̀rẹ́ mi bí ẹni tó ra léèsì tuntun.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n ka nǹkan kan fún yín." Ìwádìí Bernard Fisher, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló kà. Obìnrin 1,851 ni wọ́n kó jọ láti 1976 dé 1984. Wọ́n gé gbogbo ọmú àwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan fún àwọn kan, wọ́n yọ kókó fún àwọn yòókù tí wọ́n sì fi ìtànṣán tẹ̀ lé e. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣọ́ wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 2002, àwọn tí wọ́n gé ọmú wọn kò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n dá tiwọn sí lọ. Lọ́dún kan náà, Umberto Veronesi gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde láti ìlú Milan ní Ítálì. Ṣùgbọ́n ibi tí àbúrò mi fẹ́ kí n gbọ́ nìyí: nínú àwọn tí wọ́n yọ kókó fún tí wọn ò gba ìtànṣán, nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ padà sínú ọmú kan náà. Nínú àwọn tó gba ìtànṣán, 14 ni.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ òyìnbó lò ń kà fún mi. Tèmi kò wọ́pọ̀, wọn ò kà á mọ́ tiwọn." Lóòótọ́, èyí tó wọ́pọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìwádìí yẹn. Ibẹ̀ ni mo rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó ń tọ́jú irú tèmi pàápàá, bí wọ́n bá dá ọmú sí, ìtànṣán ni wọ́n sábà ń fi tẹ̀ lé e. Dókítà ti sọ èyí lójú mi. Mo kàn gbọ́n jù ú lọ ni.

Kì í ṣe owó ló dí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Èmi tí mo ń gbé Sókótó gan-an ń kọ́? Ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní ìlú tí mo ń sùn, tí mo ń jí. Àwọn èèyàn ń ti Kebbi àti Zamfara wá síbẹ̀. Ọjà Iléyá ló dé, mo ní kó kọjá ná. Iléyá kọjá, mo ní kí n gba gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ mí. Mo gba gbèsè tán, àwọn ọmọ ń wọlé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wọlé, ara mi le, mo ń sanra, n ò sì rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ le yóò fi lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Hajiya tí ilé wa kọjú síra wọn kò yéé béèrè: "Ìyá Aláṣọ, ìgbà wo lẹ máa lọ?" Nígbà tó yá, mo ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má bàa pàdé rẹ̀.

Mo tún di dókítà àdúgbò. Nínú ẹgbẹ́ alájọ wa, mo ń sọ fún wọn pé àwọn dókítà máa ń sọ àsọdùn. Ọ̀kan nínú wọn ní kókó lọ́mú nígbà yẹn. Ó gbà mí gbọ́. Ó jókòó sílé. Nígbà tó fi máa délé ìwòsàn, kò sí ọ̀rọ̀ dídá ọmú sí mọ́. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń san gbèsè yẹn.

Lẹ́yìn náà ló kàn mí. Mo ń wẹ̀. Ọwọ́ mi kan kókó. Mo tún fọwọ́ kàn án. Méjì ni.

Wọ́n gé gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún. Lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán, mo ṣì gba ìtànṣán náà sí àyà. Wọ́n fi yíǹkì sàmì sí mi lára, wọ́n ní kí n na apá sókè kí n má mira. Gbogbo wọn jáde, ẹ̀rọ náà ń yí po, ó ń kùn. Kò dùn mí. Irun mi kò re. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: ìgbà 25 ni wọ́n máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí, ìgbà 15 ti tó. Ara a máa rẹni, awọ ibẹ̀ a dúdú, a bó díẹ̀. Ohun tí mo sá fún nìyẹn.

Báyìí, àjákù aṣọ ni mo rán pọ̀ tí mo ń tì bọ kọ́mú. Bí mo bá na ọwọ́ sókè láti fa aṣọ lórí pẹpẹ, á yọ lọ sí ọrùn mi. Àwọn oníbàárà á máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, tí ara yín ti le lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ bi dókítà bóyá kò sí jẹjẹrẹ létí ẹran tí wọ́n gé. Ẹ bi í ọjọ́ tí ìtànṣán máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ọjọ́ náà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó kò sí, tàbí pé ọ̀nà jìn, tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lè parí rẹ̀, ẹ sọ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Gígé gbogbo ọmú dára. Dídá ọmú sí pẹ̀lú ìtànṣán dára. Ìdajì kò dára.