Ilé Ni Àbọ̀sinmi Oko, Ṣùgbọ́n Ilé Wo?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, a mọ̀ pé òwe yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan kí ọ̀rọ̀ tó gùn: bí ó bá ṣe pé inú àjò náà gan-an ni wọ́n ti bí onílé ńkọ́? Níbo ni yóò kọrí sí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú? Ìbéèrè yìí ti gbà wá lọ́kàn láti alẹ́ ọjọ́ kan tí a wo sinimá ní ilé wa ní Port Harcourt, òun ni a sì fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá àti ìyá wa, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, bí òjò ìlú náà ti máa ń ṣe, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kó ara wa jọ síwájú kọ̀ǹpútà kékeré kan, à ń wo Spider-Man: No Way Home, sinimá tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ bí ó ti lọ. Oṣó kan fẹ́ ṣe oògùn fún akọni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, oògùn náà dàrú, ni ilẹ̀kùn bá ṣí láàrin ayé wọn àti àwọn ayé mìíràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn akọni àti àwọn ọ̀tá wọn já bọ́ sí ìlú tí ó jọ ìlú wọn, tí kì í sì í ṣe ìlú wọn. Òpópó jọ òpópó, ilé jọ ilé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ wọ́n kò mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n tó lè padà sí ibi tí wọ́n ti wá, akọni onílé gbà pé kí oṣó náà mú kí gbogbo ayé gbàgbé òun. Ní ìparí, ó dúró níwájú ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn, ọmọbìnrin náà sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Bàbá wa, tí a rò pé oorun ti gbé lọ lórí àga, ni ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ro irú èyí? Ọmọ Abẹ́òkúta kan ti kọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya fún wa. Orúkọ ìwé náà ni My Life in the Bush of Ghosts, Amos Tutuola ni ó kọ ọ́, ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ Faber and Faber sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí Tutuola ní Abẹ́òkúta. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Ó ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ni ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Nínú ìwé rẹ̀ tí à ń wí yìí, ọmọ ọdún méje kan sá fún ogun àwọn akónilẹ́rú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní ìdí igi eléso kan, ọmọ náà sì wọ inú Igbó Iwin láì mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó fi wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ẹṣin, wọ́n sọ ọ́ di màlúù. Ó gbé ìyàwó níbẹ̀, ó sì bímọ níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà ilé ni ó ń wá.

Nígbà tí ó pẹ́, ó pàdé obìnrin iwin kan tí egbò bò lára, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ amóhùnmáwòrán. Obìnrin náà la ọwọ́, ọmọ náà wo inú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn kò rí i. Ẹ rántí pé 1954 ni ìwé yìí jáde. Ọdún 1959 ni amóhùnmáwòrán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti inú ọwọ́ yẹn náà ni akọni wa gbà bọ́ sí ìdí igi eléso tí ó ti sọnù.

Ṣé wàhálà rẹ̀ wá parí? Rárá o. Àwọn akónilẹ́rú tún mú un, wọ́n gbé e lọ tà. Ẹni tí ó rà á ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kò mọ̀ ọ́n, ó ń fi ìyà jẹ ẹ́ bí ẹrú. Orin ni ó gba ọmọ náà sílẹ̀: ó kọrin, ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú orin náà, ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ pé àbúrò òun ni òun ń lù.

Nígbà tí a ka ibẹ̀ dé, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú wa. A mọ ohun tí ó fà á, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

Ilẹ̀kùn ilé wa ní Diobu ni ibodè láàrin ayé méjì. Bí a bá wà nínú ilé, à ń kúnlẹ̀, à ń dọ̀bálẹ̀, à ń jẹ àmàlà, ìyá wa sì ń fi oríkì jí wa ní àràárọ̀. Bí a bá ti ta ẹsẹ̀ sóde, ayé mìíràn ni. Bọ̀ọ̀lì tí ìyá wa sọ pé ẹ̀pà ni àwọn fi ń jẹ ní Ìsẹ́yìn, ẹja yíyan àti ata ni a fi ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, "bole" ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wá ní "Ngbàtí", nítorí wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lẹ́nu Yorùbá. Ní ọjọ́ kan, èyí àgbà nínú wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iwájú ilé wọn. Obìnrin náà bẹ̀rù, ó rò pé ọmọ náà ṣubú ni! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn ọ̀rẹ́ fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti dọ̀bálẹ̀ mọ́ níta. A sì bẹ ìyá wa pé kí ó má ṣe pè wá ní Àjàní, Àkànní àti Àdùkẹ́ láti ojú fèrèsé mọ́, kí ó máa pe orúkọ tí wọ́n mọ̀ wá sí ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò bá wa jà. Ó kàn dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá bí a ti fẹ́. Inú ilé nìkan ni oríkì kù sí.

Ní ti Ìsẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ ni a ti mọ̀ ọ́n, bí ọmọ inú Igbó Iwin. Fóònù ni ọwọ́ amóhùnmáwòrán tiwa. Bàbá wa a gbé e síwájú wa, a ó rí àgbàlá, a ó rí àwọn ìbátan tí ń juwọ́, a ó kí wọn ní gbólóhùn méjì tí a ti há sórí, a ó sì sáré kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, bàbá wa ní gbogbo wa ni yóò lọ. A gba Owerri, a gba Onitsha, a kọjá lórí afárá odò Ọya sí Asaba, a gba Benin àti Ọ̀rẹ̀ títí a fi dé Ìbàdàn. A sùn níbẹ̀, a sì gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kejì. Inú wa ń dùn. A rò pé bí a bá ti dé, kò ní sí ẹni tí yóò tún pè wá ní Ngbàtí. Òótọ́ ni, kò sí. "Àwọn ará Ìbò ti dé" ni wọ́n ń pè wá. Àbúrò wa obìnrin fẹ́ béèrè ibi tí a ti lè wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀, ó sì bi àwọn ọkùnrin tí ó jókòó níbi òfì wọn pé níbo ni òun ti lè rí ọkọ. Ẹ̀rín tí wọ́n rín ní ọjọ́ náà kò tíì tán ní etí wa. Wọn kò ní ibi kankan lọ́kàn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sọ Yorùbá mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní alẹ́, wọ́n mú wa lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá wa, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bàbá wa ṣì wà lóde tí ó ń kí àwọn ènìyàn. Màmá àgbà béèrè pé ta ni ó wọlé. A dárúkọ wa, àwọn orúkọ tí wọ́n mọ̀ wá sí ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó mi orí. Ó ní, "N kò mọ̀ yín. Ohùn àlejò ni mò ń gbọ́. Ọmọ ta ni yín?" Ìtìjú mú wa. Ìgbà náà ni àbúrò wa, tí kò tíì lanu láti ọ̀sán, sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Àdùkẹ́ ni mí, mà."

Màmá nawọ́, ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn nínú òkùnkùn. Ó ní, "Àdùkẹ́? Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Mo ní kí bàbá rẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má gbàgbé." Ó wá kọjú sí àwa méjì, ó ní, "Àjàní dà? Àkànní dà?" A dọ̀bálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá níkọ̀ọ̀kan, ó kì wá dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ohun tí a bẹ ìyá wa pé kí ó má pè níta mọ́ ni màmá àgbà fi mọ̀ wá. Nígbà tí a jáde, ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìdí ìró nu ojú. A kò rí ohun kankan sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, kí a sì sọ pé a ti rí ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà, tí ọkọ̀ wa dé Rumuokoro, tí a gbọ́ ariwo àwọn agbèrò, tí òórùn ẹja yíyan gba fèrèsé wọlé, àbúrò wa na apá, ó ní, "A ti délé o." Gbogbo wa wo ojú ara wa.

Akọni mìíràn ni a rántí nígbà náà, ẹni tí wọ́n kọ́ wa nípa rẹ̀ láti kékeré ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọmọ Ìgbò láti Amaigbo ni Jaja. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n tà á lẹ́rú dé Bonny, láàrin àwọn tí èdè wọn kì í ṣe tirẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti dàgbà, tí ó ti di olórí ilé Anna Pepple. Lẹ́yìn ìjà ọdún 1869, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò, ó tẹ Opobo dó, ó sì jọba níbẹ̀. Ní ọdún 1887, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Harry Johnston, ké sí i pé kí ó wá fún ìpàdé, ó ṣèlérí pé kò ní sí ewu, ó sì gbé e lọ. Wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní Accra, wọ́n lé e lọ sí erékùṣù St. Vincent ní ìkọjá òkun. Jaja kò dẹ́kun bíbẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun relé. Wọ́n gbà ní ọdún 1891, ṣùgbọ́n ó kú ní Tenerife lójú ọ̀nà. Òkú rẹ̀ ni ó dé ilé.

Ilé wo? Opobo ni, ìlú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ dó ní ilẹ̀ tí wọ́n ti gbé e dé gẹ́gẹ́ bí ẹrú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn akọni méjì yìí ni a fi ń dá ara wa lóhùn nísinsìnyí. Ọmọ inú ìwé Tutuola kọ́ wa pé dídé ilé kò tó; àfi kí ará ilé mọ ohùn ẹni, kí ohùn náà sì ṣì wà lẹ́nu ẹni. Jaja kọ́ wa pé ibi tí àyànmọ́ gbé ènìyàn jù sí lè di ilé tí yóò máa sọkún rẹ̀. A kò rí ìdí tí a fi ní láti fi ọ̀kan ṣe irọ́ nítorí èkejì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wá, ọmọ Port Harcourt sì ni wá.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a fi ń kádìí rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn kan wà tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kano, ní Jos, ní Calabar, tí wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn ní ìpàdé nítorí kí ohùn wọn má baà ṣì. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ àti Oǹdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ orin náà títí dé ibi tí yóò ti dárúkọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jókòó sẹ́yìn, ẹ la ẹnu yín, bí ó ti wù kí ohùn náà wọ́. Ní ilé wa ní Diobu, ìyá wa ti padà sí ojú fèrèsé. Bí ó bá pe "Àjàní o!", tí gbogbo àdúgbò gbọ́, à ń dáhùn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á sọnù mọ́ ará ilé lọ́wọ́ o. Àṣẹ.